Igun Òsì Lápá Ẹsẹ̀

Kò sẹ́ni tí í gbàdúrà fún ẹni tó ń kan pósí pé kí ọjà rẹ̀ tà. Bí àwọn ará àdúgbò bá dé ẹnu ìsọ̀ aránṣọ, wọ́n á ní kí Ọlọ́run pèsè oníbàárà. Bí wọ́n bá dé ìsọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n á ní kí orí tí yóò fá lónìí má lóǹkà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé ìsọ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dandan, "ẹ kú iṣẹ́" kékeré kan báyìí ni, wọ́n á sì sáré kọjá, àfi bí ẹni pé téèpù ọwọ́ rẹ̀ lè déédéé nà jáde kó wọ̀n wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àwọn náà ló sọ ọ́ ní Dandan. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, ó di dandan kí kálukú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń kà á kún ènìyàn: gbàgede àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àṣà kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wá-Àléébù. Bí o bá parí iṣẹ́, wàá ya fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ẹni tó gbé e fún ọ ṣe, àwọn tó kù á sì tú u wò bí ẹni ń wá iná orí. Wọn kò mọ ojú àánú. Bí áńgẹ́lì bá gbé ìtẹ́ ọ̀run wá síbẹ̀, wọ́n á ní ẹsẹ̀ ìtẹ́ náà kan kúrú, kó gbé e padà.

Fún ọdún gbọọrọ, òjìji orí kan tó ní àwọ̀ eérú ló wà níbi tó yẹ kí fọ́tò Dandan wà. Àfìgbà tí akànga kan, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kan àga, bú u lójú gbogbo wọn, ó ní, "Dandan, ṣé inú pósí lo ti ń kọ̀wé ni, tí a ò fi rí ojú ẹ?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó yá kóòtù, ó lọ ya fọ́tò, ó sì rẹ́rìn-ín débi pé eyín tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ní jáde wá kí aráyé. Ó fi àwọ̀ pupa tó ń ta ojú sẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Kò séyìí tí n kò lè kàn." Nígbà tí gbàgede náà bi í bóyá ó fẹ́ so ojú-ewé rẹ̀ mọ́ Fesibúùkù, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ta ni í kọ iyì?

Kò pẹ́ tí ìsokọ́ra náà fi hùwà sí i. Ó kọ ọ́ sí gbàgede pé ó jọ pé ewúrẹ́ ló kan àga onílé òun, lójú oorun pàápàá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, onílé ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti fóònù lọ́wọ́: ohun tó kọ sọ́hùn-ún ti dé Fesibúùkù, fọ́tò ẹ̀rín rẹ̀ sì wà lókè rẹ̀. Dandan dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, ó mí kanlẹ̀. Omi tó dà sílẹ̀ ló nù o. Kò ti ẹ̀rọ omi: kò tú ìsokọ́ra náà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni àbúrò rẹ̀ kú. Òun ni àbíkẹ́yìn wọn, akunlé ni. Àkàbà yẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń kun ilé alájà, kò sì jí mọ́.

Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé bàbá wọn, pe àwọn ọmọ jọ. Ìlú mìíràn ni ìyá wọn wà, àyà rẹ̀ kò sì le, dókítà ti kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe já a láyà. Bàbá Kékeré ní ilẹ̀ á mọ́, àwọn á jọ lọ bá a, òun á sì rọra gba ẹ̀yìn wọlé ọ̀rọ̀. Ó ní kí gbogbo wọn pa fóònù, kí ìyá má baà pe ẹnì kan kó gbọ́ ẹkún lóhùn rẹ̀. Dandan ló tẹnu mọ́ ọn jù. Òun ló sáà ṣí Fesibúùkù fún ìyá wọn, ó mọ̀ pé fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé kò sóhun tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé síbẹ̀ tí kì í tẹ àtàǹpàkò sí, ì báà ṣe fọ́tò páálí ìṣó.

Kò gbà kí ẹlòmíràn kan pósí náà. Ó fa igi, ó rẹ́ ẹ, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ orúkọ àbúrò rẹ̀ sórí ọmọrí. Ṣùgbọ́n omi kò kúrò lójú rẹ̀. Ẹni tó ń ti òdìkejì títì rí àlàfo tí irun kò lè gbà kọjá kò rí àtàǹpàkò ara rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù wá ń bà á kí ọmọ ìyá rẹ̀ má lọ sùn nínú iṣẹ́ tó lábùkù. Ó tan fóònù, ó ya fọ́tò, ó gbé e sí Wá-Àléébù, kò sọ ẹni tó ni ín. "Ẹ wò ó dáadáa fún mi" ni gbogbo ohun tó kọ.

Wọ́n wò ó. Ọ̀kan ní ọ̀mùtí ló gbẹ́ orúkọ náà. Akànga ní igun òsì lápá ẹsẹ̀ là, pé kòkòrò á máa wọlé láì kan ilẹ̀kùn, ó sì to àwòrán ojú ẹ̀rín kéékèèké sẹ́yìn rẹ̀ bí erin ṣe ń to ìgbẹ́. Dandan kò bínú. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó fi gúlù dí igun náà, ó dè é mọ́lẹ̀, ó sì pa fóònù padà.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá, orí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí, ó ti wọṣọ, ó da fóònù dojú bolẹ̀ sórí itan. Bàbá Kékeré bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ọ̀nà tó bàjẹ́, ó sọ pé ayé yìí kò lórí. Ìyá kò dá a dúró títí ó fi dé orí àbíkẹ́yìn, tó ní ó fẹsẹ̀ ṣèṣe díẹ̀, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi," ni ìyá wí. "Ẹ sinmi."

Ó yíjú sí Dandan. "Ìwọ lo kàn án?"

"Èmi ni, Màmá."

Ìyá sọ ọ́ fún wọn bí ẹni ń sọ ohun tó rà lọ́jà. Ojú Dandan tó ń rẹ́rìn-ín lòun kọ́kọ́ rí lórí Fesibúùkù, òun rò pé iṣẹ́ tuntun ló fẹ́ fi yangàn, òun sì tẹ àtàǹpàkò sí i. Lẹ́yìn náà lòun ka orúkọ orí ọmọrí. Òun pe gbogbo wọn, kò sẹ́ni tí fóònù rẹ̀ wọlé. Òun wá tẹ fọ́tò náà, bóyá ẹnì kan á sọ níbẹ̀ pé eré ni. Ló bá gbé òun lọ sáàárín àwọn tí òun kò mọ̀ rí, òun sì ka gbogbo ọ̀rọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ní ẹ kú àmúmọ́ra. Ọ̀rọ̀ igun ni wọ́n ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin bú sẹ́kún. Ìyá kò wo ibẹ̀.

"Igun òsì lápá ẹsẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé o ti dí i?"

"Mo ti dí i, Màmá."

"Ó dí dáadáa?"

"Ó dí."

Ìyá na fóònù tirẹ̀ sí i. "Wá gbé ẹni tó ń rẹ́rìn-ín yìí kúrò lórí ọmọ mi."

Dandan ní fóònù ti òun nìkan ló lè ṣe é. Ó yọ fóònù rẹ̀ nínú àpò, ó tàn án. Kó tó rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, àmì ìpè tí ìyá rẹ̀ ti pè é bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ọ̀kan ń gun ọ̀kan lẹ́yìn. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń gbọ́ ọ, kò, kò, kò, bí ẹni ń kan ìṣó.