Páúdà Tí Kò Gba Èènì

Nasib Kaur kò mọ bí wọ́n ṣe ń bu nǹkan níwọ̀nba. Bí àlejò bá jẹ ròtí, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yan lórí iná, yó, tó fi ọwọ́ bo àwo, àárín ìka onítọ̀hún ni yóò ti wá ibi tí yóò ju òmíràn sí. Gbogbo abúlé wọn nítòsí Jalandhar nílẹ̀ Íńdíà ló mọ ìwà yìí mọ́ ọn. Nílé bàbá rẹ̀, ìwọ̀n tí kò bá ga lórí bí ọ̀gán, ahun ló bù ú.

Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ọkọ rẹ̀, Bachittar Singh, tó sì rù kan eegun, dókítà ní kí wọ́n máa po páúdà púrótíìnì mọ́ wàrà fún un, ìwọ̀n kan láàárọ̀, ìwọ̀n kan nírọ̀lẹ́. Nasib ṣí agolo, kò rí ṣíbí kankan níbẹ̀. Ó mú ìgbakọ tó fi ń bu bọ́tà, ó bù ú kún, ó tún fi èènì lé e, torí aláìsàn kì í ṣe ẹni à ń ṣahun sí. Wàrà ẹfọ̀n tó ki ló dà lé e lórí. Ó wá dúró ti ọkùnrin náà títí tó fi mu ún tán.

Kò pẹ́ tí Bachittar kò fẹ́ rí ròtí sójú mọ́. Ọkùnrin tó jẹ́ pé òórùn ròtí gbígbóná ló ń fà á ti oko dé! Ikùn rẹ̀ le, ó ń gùnfẹ̀ ṣáá, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ dé, á kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù ba Nasib. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti kọ oúnjẹ aya rẹ̀ ti ń palẹ̀ ẹrù ọ̀run mọ́ nìyẹn, ó sì ń dá sunkún nínú ilé ìdáná. Kí ló wá ṣe sí i? Ó fi kún èènì.

Rupinder, ìyàwó Jagtar ọmọ rẹ̀, ló rí i pé agolo tó yẹ kó lo oṣù kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbófo. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fa ṣíbí kékeré kan jáde láti ìsàlẹ̀.

"Màámi, kí lẹ fi ń wọn nǹkan yìí?"

Nasib na ìgbakọ sí i. Rupinder rẹ́rìn-ín. Ó bu páúdà sínú ṣíbí náà, ó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ tẹ́jú. Ó ní ìwọ̀n tí dókítà ń wí nìyẹn, pé èyí tí Màámi ń bù ló kún inú Bàbá, tí kò jẹ́ kí ebi pa wọ́n.

"Kí n máa fi ọ̀bẹ gé oúnjẹ ọkọ mi? Kí laráyé á wí?"

"Ṣé aráyé ló ń gùnfẹ̀ ni, Màámi?"

Ó dun Nasib, ṣùgbọ́n ó gé e. Ó ń wẹ̀yìn wò bí ẹni tó ń jalè. Bachittar wo inú ife, ó béèrè bóyá wàrà ti wọ́n lọ́jà ni. Bẹ́ẹ̀ ni Nasib ń gé e láàárọ̀, tó ń gé e nírọ̀lẹ́, tí ìtìjú sì ń mú un.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti ń yan ròtí, ọkọ rẹ̀ tẹ̀pá wọ ilé ìdáná, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kó fún òun ní ẹyọ kan. Kó tó jẹ ẹ́ tán, òmíràn ti bọ́ sínú àwo, tòun ti bọ́tà. Ó jẹ ìyẹn náà.

"Bàbá Jagtar, tí nǹkan ọ̀hún ò bá yín lára mu, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"O dúró lé mi lórí, ò ń wo ẹnu mi, omi ń bẹ lójú ẹ. Ìyá Jagtar, ta ni kí n sọ fún?"

Inú Nasib dùn dénú. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó mú ròtí tirẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ọkọ rẹ̀ dé láti ọsibítù, ọjọ́ náà lòun náà tó jẹun yó.