Búrẹ́dì Tí Màámi Kì Í Tọ́ Wò

Agége ni mò ń gbé, GRA Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Láàárọ̀, màá wọ kẹ̀kẹ́ kúrò ní àdúgbò tó jẹ́ pé òórùn búrẹ́dì ló ń jí èèyàn, màá sì sọ̀ ní àdúgbò tí igi ṣíji bo ojú ọ̀nà, tí ajá ń gbó láti ẹ̀yìn géètì. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìtàn Amẹ́ríkà fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé mi lórí. Inú bí mi. Kí ló kàn mí nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tó wọkọ̀ ojú omi kúrò nílùú Gẹ̀ẹ́sì láyé ijọ́un, tí wọ́n lọ tẹ̀dó sínú igbó Amẹ́ríkà?

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé nípa wọn, ìbínú mi ń lọ sílẹ̀. Pùrítàn ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ní ìjọ tí ọba ń darí ti lábùlà, ìsìn tó mọ́ gaara làwọn ń fẹ́. Wọ́n kọ́ ilé ìsìn tí kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Wọn kì í ṣe ọdún Kérésì. Ìwàásù wọn gùn débi pé ọkùnrin kan máa ń mú ọ̀pá rìn káàkiri, tó bá ti rí ẹni tó ń tòògbé, á fi ọ̀pá náà ta á jí. Tó bá di ìgbà òtútù, wọn kì í dáná sínú ilé ìsìn, búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa á dì gbagidi, á máa ró nínú àwo bí òkúta wẹ́wẹ́.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé ta ló máa fínnúfíndọ̀ gbé irú ayé bẹ́ẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n sínú ni. Mo mọ àwọn tó ń gbé e. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń bá wọn jọ́sìn.

Ìjọ Aládùúrà kékeré ni tiwa. Àwọn tó dá a sílẹ̀ yapa kúrò nínú ìjọ ńlá kan, wọ́n ní wọ́n ti fàyè gba ayé jù níbẹ̀. Ẹ̀bá ojú irin ni wọ́n kọ́ ilé ìsìn sí, lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Aṣọ funfun là ń wọ̀, a kì í wọ bàtà, obìnrin wa kì í fi yẹtí sétí, ìwàásù wa kì í sì í tètè parí. A tiẹ̀ ní ọlọ́pàá oorun tiwa, ìyá kan tó máa ń fi imọ̀ ọ̀pẹ na ẹni tó bá sùn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ tèmi mọ imọ̀ ọ̀pẹ yẹn dáadáa.

Òfin kan wà tó jọra jù. Láàárín àwọn Pùrítàn, èèyàn lè máa lọ sílé ìsìn láti kékeré títí tó fi darúgbó, kí ó má sì tíì di ọmọ ìjọ. Kí wọ́n tó gbà á, àfi kó dìde níwájú gbogbo èèyàn, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ bí Ọlọ́run ṣe bá a pàdé. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ kò ní jẹ nínú búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa. Bí tiwa náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ibi tí mo kà á dé ni mo ti pa ìwé dé, nítorí ọ̀rọ̀ Màámi ló sọ sí mi lọ́kàn.

Akólòlò ni Màámi. Kì í ṣe èyí tó ń múni lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan o. Ọ̀rọ̀ lè dúró sí wọn lọ́fun títí omi á fi lé sójú wọn. Ilé búrẹ́dì kan ní Agége ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, Alhaja kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ín. Iṣẹ́ náà bá wọn lára mu, ọwọ́ ni wọ́n fi ń po fúláwà, ojú ni wọ́n fi ń wo ààrò, ẹnu ò ní nǹkan tó ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nílé ìsìn, orí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni ìjókòó wọn, pẹ̀lú àwọn tí wọn ò tíì gbà. Wọ́n gbìyànjú. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n dìde, wọ́n lanu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Àwọn èèyàn á wá máa bá wọn parí ọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìfẹ́ ni o. “Àánú?” “Àlàáfíà?” “Àbí ọmọ lẹ fẹ́ sọ, Màmá?” Á dà bíi pé wọ́n ń pàlọ́. Màámi á mi orí, wọ́n á padà lọ jókòó. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé wọ́n ń fẹ́ kí ọlọ́jọ́ tó dé ni kí wọ́n jẹ nínú búrẹ́dì yẹn.

Èyí tó wá ń ká mi lára ni pé Màámi gan-an ló ń ṣe búrẹ́dì ọ̀hún. Lópin oṣù, tí búrẹ́dì títà bá ti jáde, Alhaja máa ń fi ààrò sílẹ̀ fún wọn. Mùsùlùmí pọ́nńbélé ni Alhaja, wọn kì í gba nǹkan kan, wọ́n ní ti Ọlọ́run ni. Ọwọ́ ni Màámi fi ń po ti ìjọ, díẹ̀ báyìí, láìfi ṣúgà sí i. Búrẹ́dì títà, wọ́n máa ń já etí rẹ̀ tọ́ wò kó tó kúrò níbẹ̀. Ti ìjọ, wọn kì í tọ́ ọ wò, wọn kì í tiẹ̀ lá ìka. Wọ́n ní ẹni tí wọn ò tíì pè sídìí tábìlì kì í ti ilé ìdáná jẹun.

Mo jókòó nínú yàrá àwọn olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń múra ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ni mo bá ka ohun tó mú mi dìde dúró. Wọ́n ní nínú ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn Pùrítàn, wọn kì í fi dandan mú obìnrin tàbí onítìjú èèyàn sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Á lọ bá àwọn àgbà ìjọ ní kọ̀rọ̀, á sọ tirẹ̀ fún wọn, ọ̀kan nínú wọn á wá dìde sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Wọ́n á gbà á, á sì jẹun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òkú òyìnbó lọ́jọ́ náà, mo sọ ọ́ síta pàápàá, olùkọ́ ìṣirò tó jókòó tì mí sì ń wò mí bí ẹni tí ooru ti mú jù.

Mo lọ bá Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ wa. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ariwo ẹ̀rọ sì ti di etí wọn kan pa, èèyàn gbọ́dọ̀ sún mọ́ wọn dáadáa. Wọ́n le. Àwọn ni wọ́n dá ìyàwó kan padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ nítorí pé ó kun ètè. Mo ṣàlàyé tèmi tán, wọ́n bi mí bóyá òyìnbó ni yóò máa kọ́ wa bí a ṣe ń sin Ọlọ́run. Mo ní rárá, àpẹẹrẹ lásán ni mo mú wá. Wọ́n wá béèrè bóyá èèyàn rere tiẹ̀ ni wọ́n.

Mi ò lè parọ́ fún Bàbá. Mo sọ pé wọ́n lé àwọn tí àdúrà wọn yàtọ̀ sí tiwọn jáde nílùú. Mo sọ pé wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Mo sọ pé wọ́n yẹgi fún àwọn obìnrin tí wọ́n pè ní àjẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí i pé mo ń fọwọ́ ara mi ba ẹjọ́ mi jẹ́.

“Àwọn tó le tó yẹn,” ni Bàbá wí, “àwọn náà ṣì rí àyè fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ wúwo?”

“Wọ́n rí i, Bàbá.”

“Mósè náà, ẹnu rẹ̀ wúwo. Áárónì ló ń gbẹnu sọ fún un.” Wọ́n mi orí. “A sì ń kà á lọ́dọọdún. Sọ fún ìyá ẹ pé mò ń bọ̀.”

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Àfi ká kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà ká tó rántí Mósè.

Lópin oṣù, Bàbá wá sí ilé búrẹ́dì. Alhaja pa rédíò, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tó kù lọ kírun. Bàbá jókòó lórí àpótí, wọ́n kọ etí wọn tó ń gbọ́ sí Màámi, èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Màámi ń po fúláwà ìjọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ mìíràn á há, a ó máa gbọ́ ìró ọwọ́ wọn lórí tábìlì nìkan. Bàbá ò bá wọn parí ọ̀kankan. Ẹni tí etí rẹ̀ ti di ti mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, tí àwọn ẹbí tì wá síta, Màámi pọ̀n mí, wọ́n ń rìn lẹ́bàá ojú irin láìmọ ibi tí wọ́n ń lọ. Àwọn èèyàn ń bi wọ́n léèrè, wọn ò rí ẹnu dá wọn lóhùn, àwọn yẹn á ní orí wọn ti dàrú. Alhaja rí wọn láti ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì. Alhaja ò bi wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n fún wọn ní búrẹ́dì gbígbóná, wọ́n sì fi ibi tí wọ́n máa tẹ́ mi sí hàn wọ́n. Màámi ní ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti bá àwọn pàdé.

Ẹ̀rù bà mí. Ní ìjọ tiwa, orí òkè tàbí nínú ààwẹ̀ ni Ọlọ́run ti máa ń bá èèyàn pàdé, kì í ṣe lọ́dọ̀ Alhaja. Mo rò pé Bàbá yóò gé e kúrò.

Bàbá ò gé nǹkan kan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pe Màámi síwájú, wọ́n dúró tì wọ́n, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀, ti ojú irin, ti Alhaja àti ti búrẹ́dì gbígbóná. Tí wọ́n bá sọ díẹ̀, wọ́n á yíjú sí Màámi, wọ́n á ní, “Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?” Màámi á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wá bi ìjọ bóyá wọ́n gbà á, ìjọ sì dáhùn pé àwọn gbà. Omi ti bo ojú mi, mo fi etí aṣọ nù ún kúrò.

Wọ́n gbé àwo wá. Màámi kúnlẹ̀, wọ́n mú tiwọn, wọ́n fi sẹ́nu, wọ́n ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ni mo bá rí i tí wọ́n fajú ro. Wọ́n gbójú sókè wo Bàbá Alàgbà.

“I… i…”

Ìyá tó ń mú imọ̀ ọ̀pẹ kiri lanu láti bá wọn parí rẹ̀, Bàbá na ìka kan sókè, ìyá náà pa ẹnu dé. Rélùwéè kọjá lẹ́yìn ògiri, ó lọ tán, a ṣì ń dúró. Kò sẹ́ni tó bá wọn sọ ọ́.

“I… iyọ̀ rẹ̀ ò tó.”

“A ti mọ̀ tipẹ́,” ni Bàbá wí. “A rò pé bí búrẹ́dì mímọ́ ṣe ń rí nìyẹn.”

Ẹ̀rín tó bọ́ lẹ́nu ìjọ wa lọ́jọ́ náà, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílé ìsìn yẹn. Màámi náà rẹ́rìn-ín, lórí ìkúnlẹ̀ wọn níbẹ̀. Mo dúpẹ́ títí mo fi délé, lọ́wọ́ Bàbá, lọ́wọ́ Alhaja, lọ́wọ́ àwọn olóríkunkun òyìnbó tí wọ́n jẹ búrẹ́dì bí òkúta nínú òtútù. Láti ìparí oṣù tó tẹ̀ lé e, Màámi a máa já etí búrẹ́dì ìjọ, wọ́n á tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó gbé e kúrò nídìí ààrò.