Ìwo Ní Ìbàdí Mi

Láti ọjọ́ tí mo ti bí àkọ́bí mi, n kò lè pọ̀n ọ́n. Mo lè fún un lọ́mú, mo lè wẹ̀ ẹ́, mo lè gbé e sórí itan, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ gbé e sẹ́yìn báyìí, ìbàdí mi á já bí okùn kànga, n ó sì bá ara mi nílẹ̀. Ìyá Tápà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa nínú ilé tí à ń gbé ní Sabon Gari ní Kánò, ló ń bá mi pọ̀n ọ́n. Òun ti bímọ púpọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ́jú bí ẹní. Ọmọ mi á sùn síbẹ̀ fọnfọn. Èmi á jókòó sórí àpótí, n ó máa jowú ẹ̀yìn ẹlẹ́yìn.

Kì í ṣe pé n kò wá ìwòsàn. Dísípẹ́nsárì fún mi ní òróró, wọ́n ní kí n sinmi. Mo fi í ra ara, ó ta mí, ó tutù, ìbàdí sì wà níbi tó wà. Ọkọ mi, tó ń ṣe kíláàkì ní réluwé, ní gbogbo ọmọ tí ìyá òun bí, òun kò gbọ́ kí ìyá òun ráhùn rí.

Mo ní, "Nígbà tí wọ́n ń ráhùn, ẹ̀yin wà lẹ́yìn wọn, ẹ ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ọmọ náà ti lé lọ́dún kan nígbà tí ìyá ọkọ mi wọ réluwé wá láti Ọ̀fà láti wá wò ó. Bí wọ́n ti wọ agbo ilé, ẹ̀yìn Ìyá Tápà ni wọ́n ti rí i.

"Ẹ̀yìn Tápà ni ọmọ ọmọ mi ń sùn sí?"

"Ìbàdí ló ń dùn mí, Màámi."

"Ìwé ló jókòó sí ọ ní ìbàdí. Ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń bímọ, orí bẹ́ǹṣì ni ìwọ wà."

Nígbà tí a jẹun tán, wọ́n kọjú sí ọkọ mi. Wọ́n ní bí àwọn bá ń padà, àwọn á mú ọmọ náà dání, ó ti ń jẹ ẹ̀kọ, ebi kò ní í pa á lọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ mi wo ilẹ̀.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni," ló wí fún mi.

Mo mọ díẹ̀ yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n mú lọ fún ìgbà díẹ̀ ti hu irùngbọ̀n ní Ọ̀fà.

Mo ní, "Ọmọ mi ò ní í wọ réluwé kankan."

Ìyá ọkọ mi na ife sí mi. Wọ́n ní kí n bu omi wá fáwọn.

Ìyá Tápà gbọ́ gbogbo rẹ̀, nítorí ògiri ilé wa kò nípọn. Ní àárọ̀ ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Haba, o máa jókòó kí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ? Dìde ká lọ sí Fágge. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ burúkú fáwọn obìnrin. Máì kàhó ni wọ́n ń pè é."

Ilé ìwé míṣọ́nnì ni mo lọ. Wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá gba gbẹ́rẹ́ ti kẹ̀yìn sí Ọlọ́run. Mo béèrè bóyá wọ́n á fi ẹ̀tù dúdú ra ojú gbẹ́rẹ́ náà.

"Ẹ̀tù kẹ̀? Ìwo, abẹ, omi gbígbóná. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Obìnrin àgbà ni máì kàhó, obì ti sọ eyín rẹ̀ di pupa. Ó kí wa káàbọ̀ nínú ọgbà ilé rẹ̀, ó wá fi Hausa bi mí bóyá ọkọ mi mọ̀ pé mo wá. Kánò ni wọ́n bí mi sí, Hausa kì í wọ́n mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀yìn mi ni, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Tò. Bó bá wá ká mi mọ́lé, ìwọ lo máa bá a jà."

"Màá bá a jà."

Ó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Ó fi omi gbígbóná nu ẹ̀yìn mi, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń bi mí pé, "Ibí ńkọ́? Ibí?" Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe nítorí ìrora. Láti ìgbà tí mo ti bímọ, ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí pé ibo gan-an ló ń dùn mí.

Ìwo kéékèèké ni ìwo náà, wọ́n ti dá ihò sí wọn lórí. Ó gbé ẹnu ìwo lé mi lára, ó fi ẹnu ara rẹ̀ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ láti orí ihò náà, ó sì fi ahọ́n ti ìda tó wà lẹ́nu rẹ̀ dí i. Ara mi wọ inú ìwo lọ bí ìgbà tí ọmọ bá di ọmú mú. Lẹ́yìn náà ó yọ ọ́, ó fi abẹ ha ojú ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó sì tún gbé ìwo lé e. Ó gbé méjì sí ìbàdí, ó gbé ọ̀kan sí àárín èjìká. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde ki bí ògì. Kò dùn mí tó bí mo ti rò. Ẹni tó ti rọbí kì í sunkún abẹ.

Ti èjìká yẹn ló tú mi fó. Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, àwa obìnrin ìjọ jókòó fún ìpàdé, ọrùn gáùn mi sì wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá Ìjọ rí àpá róbótó náà.

"Gbẹ́rẹ́ nìyẹn."

"Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fẹ́ fi dè," ni ẹnìkan wí, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi wà láàárín wọn.

Ìyá Ìjọ ní kí n kúnlẹ̀ kí n tọrọ àforíjì. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn, mo bọ́ gáùn mi wálẹ̀ dé ìbàdí, mo sì kẹ̀yìn sí wọn.

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ wá ẹ̀tù dúdú níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn mí. Gbogbo ìgbà tí mi ò lè pọn ọmọ mi, ẹ ò pe ìpàdé, ọlẹ lẹ pè mí. Mo lọ wá ìwòsàn ní Fágge, ẹ ní kí n kúnlẹ̀. Ọjọ́ tí mo bímọ ni mo ti kúnlẹ̀. Mi ò ní í kúnlẹ̀ fún èyí."

Bí mo ti ń wọ aṣọ mi padà, ìyá àgbà kan tó jókòó nítòsí ògiri rọra béèrè pé, "Apá ibo ní Fágge, ìyá ìkókó?"

Àwọn obìnrin ìjọ ní n kò gbọ́dọ̀ bá wọn dáná oúnjẹ ìkórè lọ́dún náà. N kò bá wọn dá a. Mo jẹ nínú rẹ̀.

Mo tún padà sí Fágge. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá ìwo ló wò mí sàn. N kò mọ̀. Ó lè jẹ́ ìwo, ó lè jẹ́ omi gbígbóná àti àtàǹpàkò, ó lè jẹ́ pé inú bí mi tó láti dìde. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìrora náà dínkù. Kò tán.

Lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ mi ń lọ, wọ́n ti di aṣọ ọmọ mọ́ ẹrù tiwọn. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú wọn, mo gbé ọmọ mi sẹ́yìn, mo so ọ̀já, mo sì nàró. Ọkọ mi wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìyá ọkọ mi ní, "Gbé e fún mi, ìyàwó. Réluwé ò ní í dúró."

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Màámi. A ó sìn yín débẹ̀."

Gbogbo wa fẹsẹ̀ rìn dé ìdíkọ̀ réluwé. Ìyá ọkọ mi wọ réluwé, wọ́n jókòó, wọ́n na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé láti gba ọmọ.

"Ó ń dùn ọ́. Mo rí i lójú rẹ."

"Ó ń dùn mí, Màámi."

"O ò sì fẹ́ gbé e wá?"

"Mi ò gbé e wá."

Wọ́n wò mí títí tí fèrè réluwé fi dún. Wọ́n wá tú ẹrù wọn, wọ́n kó aṣọ ọmọ náà jáde, wọ́n sì nà án sí ọkọ mi láìwo ojú mi.

Bí a ti ń padà, ó rẹ̀ mí níwájú Railway Quarters. Mo jókòó sí etí gọ́tà. Ọkọ mi na ọwọ́, ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé e. Mo ní rárá. Ọmọ náà ti sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbóná lára àpá èjìká mi. Àwọn tí ń kọjá ń wò wá, mo sì jẹ́ kí wọ́n wò.