Ọ̀já Màámi Lára Ìlẹ̀kùn Ọkọ̀ Ojú Irin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀já ìpọnmọ ni màámi fi ń so ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní irọ́ ni mò ń pa. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Fante New Town ní Kumasi, nílẹ̀ Ghana, tí ìyá yín náà ń wọ ọkọ̀ lọ ná ọjà Ejisu àti Konongo, ẹ bá mi jẹ́rìí. Mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló ń dáàbò bo èrò láyé ìgbà náà. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Àwọn ìyá wa ni.

Abọ́ tánganran ni màámi ń tà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n Kumasi ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì bí wa sí. Lọ́jọ́ ọjà, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, iṣẹ́ tèmi ni láti máa ki koríko gbígbẹ sáàárín abọ́ kan àti èkejì kí ara wọn má bàa bó. Bí ọ̀kan bá bó, màámi á fà mí létí títí n ó fi máa fẹsẹ̀ kan jó. Tí a bá dé ibùdókọ̀, ó máa ń ra kókó gbígbóná, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, àti kóósé, àkàrà àwọn Háúsá, fún mi lọ́wọ́ ìyá Háúsá kan lẹ́nu ọ̀nà. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kóósé nínú epo, ṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ fi mí sílẹ̀. Àwa ọmọbìnrin á wá máa ta ampe, à ń fò, à ń pàtẹ́wọ́, eruku á sì bo ẹsẹ̀ wa kí ọkọ̀ tó dé.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan wà lórí òpó níbẹ̀. A ò rí ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ rí, ohùn rẹ̀ nìkan la mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń kọ́kọ́ sọ, kó tó wá sọ Twi. Fún ààbò àti ìrọ̀rùn yín, ọkọ̀ máa pẹ́ díẹ̀. Fún ààbò àti ìrọ̀rùn yín, ẹ má jókòó sórí ẹrù. Àwọn ìyá wa á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí áfáà bá ń ṣàdúà: "Àmín!" Ó pẹ́ ni, ó yá ni, àwọn obìnrin Asante tó ń ta tòmátì náà kọ́ ọ, gbogbo ibùdókọ̀ á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ọkọ̀ tí à ń wọ̀ kì í ṣe ohun ẹ̀rín. Ìdè rẹ̀ ti já. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ kọjá Ejisu, ó yà síbi kọ́nà, ìlẹ̀kùn náà ṣí gbàgà. Abọ́ kan yí jáde. Mùìnátù àbúrò mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, gbá tẹ̀lé abọ́ náà. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni màámi rí dì mú, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan ti wà níta. Màámi ò fi ẹ̀yìn aṣọ náà sílẹ̀ títí a fi dé Konongo.

Màámi fẹjọ́ sun Wofa Kwame, bàbá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Wofa ní òun máa sọ fún àwọn ọ̀gá òun. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, bákan náà ni ìlẹ̀kùn wà. Ni màámi bá tú ọ̀já kúrò lẹ́yìn ara rẹ̀, ó gbé Mùìnátù lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọ̀já so ìlẹ̀kùn mọ́ irin àga. Ọ̀já aláró ni, ìyá tó bí màámi gan-an ló fi pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí."

Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Wofa bá ti dé ọ̀dọ̀ wa, á pariwo pé, "Maame, sane ntoma no!" pé kó tú aṣọ náà. Màámi á ní, "Wofa, mepa wo kyɛw, siesie ɛpono no ansa. Ẹ tún ìlẹ̀kùn ṣe ná." Wofa á tú u, á kọjá lọ, màámi á tún un so. Èmi ni mò ń jìyà rẹ̀, nítorí Mùìnátù á sùn lẹ́sẹ̀ mi, á tọ̀ sí mi lára, mi ò sì gbọdọ̀ mira.

Àárọ̀ ọjọ́ kan la gbọ́ ohùn inú ẹ̀rọ náà: fún ààbò àti ìrọ̀rùn yín, aṣọ tí a bá bá lára ìlẹ̀kùn, a máa gé e dànù, ẹni tó ni ín kò sì ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó ṣàmín. Bí màámi ò bá wọ ọkọ̀ mọ́, ọjà wa ti parí, nítorí kò sí lọ́rì tí í gbé abọ́ tánganran dé Konongo kí ara rẹ̀ má bó. Bí kò bá sì so ìlẹ̀kùn, ọmọ rẹ̀ ńkọ́? Mò ń wo ojú rẹ̀, mo fẹ́ kó bẹ̀ wọ́n. Ó wọ ọkọ̀, ó tú ọ̀já, ó so ó.

Wofa dé tòun tọ̀bẹ. Màámi ò dìde. "Wofa, gé e. Ọ̀já ọmọ ni o. Ìyá mi fi pọ̀n mí, èmi náà fi pọ̀n èyí. Ṣùgbọ́n hwɛ n'anim, wo ojú ọmọ yìí dáadáa kóo tó gé e."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í gé ọ̀já ọmọ. Bó ti wù kó takókó tó, ṣe là á jókòó tú u, ká tilẹ̀ feyín tú u. Ẹni tó bá gé e, ó fẹ́ kọ́mọ já bọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin Asante náà mọ̀ ọ́n. Auntie Akosua, ọ̀kan nínú àwọn onítòmátì, dìde, ó tú aṣọ tó fi pọn ọmọ tirẹ̀, ó so ó mọ́ ìlẹ̀kùn kan náà. Ẹlòmíràn tún so tirẹ̀ lé e, títí a ò fi rí irin ìlẹ̀kùn mọ́. Awakọ̀ ń fọn fèrè níwájú. Mùìnátù ń rẹ́rìn-ín sí Wofa. Wofa wo ọmọ náà, ó wo ọ̀bẹ, ó sì ti ọ̀bẹ bọ àpò. "Mate, Maame," ó ní òun ti gbọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí a máa fi padà débẹ̀ lọ́jọ́ ọjà mìíràn, ìdè irin tuntun ti wà lára ìlẹ̀kùn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Màámi wò ó, ó fi ọwọ́ mì í, ó sì tún tú ọ̀já rẹ̀ so ó. Ó ní irin tiwọn nìyẹn, tòun nìyí.

Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti dákẹ́. Koríko àti ìsọ̀ àwọn oníṣòwò ló bo ojú irin. Láìpẹ́ yìí ni àwọn kan wá sí Race Course ní Kumasi níbí láti ṣàlàyé ọkọ̀ tuntun tó ń bọ̀, wọ́n gbé àwòrán ńláńlá dání: àga tìmùtìmù, afẹ́fẹ́ tútù, ìlẹ̀kùn tó ń pa ara rẹ̀ dé, ìròyìn ọkọ̀ lórí fóònù. Láyé ìgbà náà, a ní ọkọ̀, kò ní ìlẹ̀kùn. Lónìí, a ti rí ìlẹ̀kùn, ọkọ̀ ni kò tíì dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e wá, mo máa wọ̀ ọ́, orí àga tìmùtìmù gan-an ni mo máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé wọ́n ń ta wá lọ́rẹ. Ẹ̀tọ́ wa ni, àwọn ìyá wa ti jà fún un kí wọ́n tó bí àwọn tó ń ya àwòrán.

Èmi àti Mùìnátù la mú màámi lọ síbẹ̀, ó ń tẹ̀pá. Mo rò pé ó ti sùn lórí àga. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ ṣe ní "fún ààbò àti ìrọ̀rùn yín", ni màámi bá ké tòò pé, "Àmín!" Àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ó wá béèrè pé bí ìlẹ̀kùn náà bá kọ̀ tí kò pa dé ńkọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mama, irú ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀." Màámi gbá ọ̀pá rẹ̀ mú, ó ní ká máa lọ sílé.

Nígbà tí a délé, ó ní kí n bá òun yọ ọ̀já yẹn nísàlẹ̀ àpótí. Ó ní kí n fọ̀ ọ́, kí n sá a sóòrùn, ọkọ̀ ń bọ̀.