Ẹ́ńjìnnì Tí Ọkọ Mi Fọ̀ Nítorí Bàbá Mi

Bàbá mi, àáfà àgbà kan ní àdúgbò Zongo ní Niamey, kì í wọ ọkọ̀ ọkọ mi. Bó bá ń bọ̀ wá kí wa ní Dar es Salam, àdúgbò wa nínú ìlú kan náà, takisí èrò ló máa ń wọ̀, wọn a fún un mọ́ àárín àwọn èrò àti àpò àlùbọ́sà. "Ọkọ̀ ọkọ rẹ dọ̀tí," ló máa ń wí, bí ẹni pé inú àwo tánganran ni takisí Niamey. "Ìmọ́tótó wà lára ìgbàgbọ́."

Níbí ni wọ́n bí ọkọ mi sí, ilé-ìwé Faransé ló lọ. Yorùbá rẹ̀ kò pọ̀, ìkíni ló sì ń ná èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lé lórí. Bí bàbá mi bá ń sọ̀rọ̀, á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìgbà tí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ti Mẹ́kà dé, tó sì jẹ́ pé òdìkejì odò Ọya ló ń gbé, mo bẹ bàbá títí ó fi gbà pé ká gbé òun lọ kí i. Lọ́jọ́ tó ṣáájú, nígbà tí mo wà ní ìsọ̀ àǹkárá mi ní ọjà ńlá Grand Marché, ọkọ mi fọ ọkọ̀. Mo délé, mo bá a tó ń dán gbinrin.

"Mo fọ inú rẹ̀ náà," ló wí. Mo rò pé ìjókòó ló ń sọ.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi jókòó síwájú, ó ṣe àdúà arìnrìn-àjò. Ọkọ mi ṣáná sí ọkọ̀. Ọkọ̀ gbọ̀n bí ewúrẹ́ tí wọ́n da omi lé lórí, iná kan sì ń ṣẹ́jú níwájú awakọ̀.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?" bàbá mi bi í.

"Epo ni, Bàbá. Epo ìsinsìnyí ò dáa."

A dé ìkángun àdúgbò, ọkọ̀ kò lè fà mọ́, a bá rọra yí padà sílé.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, fídíò àtúnṣe tí mò ń wò sì pọ̀ lórí fóònù mi. Ọkọ mi kì í wo irú fídíò bẹ́ẹ̀. Ó ní Faransé tí wọ́n fi ń sọ ọ́ kò já geere.

Ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì wa. Búùjì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣáná sínú ihò tirẹ̀, bóbínì kan sì wà lórí búùjì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé iná fún un. Mo ní kí ọkọ mi jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Mo fi àkísà wé ọwọ́, mo yọ wáyà bóbínì àkọ́kọ́. Ìró ẹ́ńjìnnì burú sí i, ó fẹ́ kú. Mo dá a padà. Ìkejì, bákan náà. Mo yọ ìkẹta: kò sí ohun tó yí padà.

"Ọ̀lẹ náà rèé," mo ní.

Bàbá mi dìde lórí ẹní tó jókòó lé lábẹ́ igi dóńgóyárò. "Òótọ́ ni. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́, bó bá lọ, ta ni yóò mọ̀?"

A pa ẹ́ńjìnnì. Mo tú bóbínì kẹta, mo fà á yọ. Omi ló kún inú ihò tí búùjì wà.

"Omi kẹ̀?" ni bàbá mi wí.

"Ìrì ni, Bàbá," ọkọ mi yára dáhùn.

Ìgbà ooru gan-an la wà, ètè gbogbo wa ti là. Bàbá mi tẹ̀ ba, ó gbóòórùn ihò náà.

"Ìrì tó ń run ọṣẹ."

Mo fi etí ìborùn mi bo ẹnu. Ọkọ mi wo ilẹ̀. "Ẹ ní ìmọ́tótó…" kò lè parí rẹ̀.

Bàbá mi fa aṣọ funfun tó wà léjìká rẹ̀ yọ, ó nà án sí mi. "Fi èyí nù ún."

Mo nù ún gbẹ, mo dá gbogbo rẹ̀ padà, ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n. Mo wá fi bóbínì kẹta pààrọ̀ ìkejì. Àìsàn náà bá a lọ sí ihò kejì. Búùjì kò jẹ̀bi. Omi ti ba bóbínì jẹ́. Ọkọ mi sáré lọ wá òmíràn lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù.

Bó ṣe jáde, bàbá mi padà jókòó sórí ẹní rẹ̀. Ó ní, "Ó ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ó ń gbọ́, Bàbá."

"Mo rò pé Yorùbá rẹ̀ kò dé ibẹ̀ ni."

Mo lọ gbé omi àlùwàlá wá fún un.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán la sọdá odò, ẹ́ńjìnnì ń lọ jẹ́jẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá fún wa ní dàbínù àti omi sàmúsàmù, àdúà rẹ̀ sì gùn. Nígbà tí à ń padà, oorun gbé bàbá mi lọ níwájú ọkọ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọkọ mi wá ń rọra wakọ̀ kó má baà jí i, débi pé ọmọlanke tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà tiẹ̀ kọjá wa lọ.