Ààlè tí Mo Pa sí Erékùṣù

Kí wọ́n tó dí odò wa, kò sí erékùṣù kankan níbẹ̀. Igbó ni, láti ẹ̀yìn ilé wa lọ́nà Ẹ̀pẹ́ títí dé ibi tí odò ti ń wọ ọ̀sà. Ọkùnrin kan tó fẹ́ sin ẹja wá láti Èkó, àwọn àgbà ìdílé fún un ní ilẹ̀ àkùrọ̀, ó sì fi kọnkéré àti amọ̀ dí odò náà. Omi gòkè díẹ̀díẹ̀. Ó bo gbogbo ibi tó rẹlẹ̀, ó wá ku orí òkè mẹ́ta tó yọ sójú omi: kékeré kan tí kò ju àgbàlá ilé lọ, ọ̀kan tó fi díẹ̀ tóbi jù ú, àti ńlá tí àwọn igi àtijọ́ wà lórí rẹ̀.

Abẹ́ àwọn igi yẹn la ti ń já ewé iran tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ìyá àgbà mi ló ń já a tẹ́lẹ̀, ó fà á lé ìyá mi lọ́wọ́. Nígbà tí orúnkún ìyá mi kò jẹ́ kó lè wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́, ó kàn mí. Mi ò kọjá ìwé kẹfà. Mo ń já ewé, mo ń kó o lọ fún àwọn oníbàárà wa ní Itamaga. Bí wọ́n bá ń ná an, ilẹ̀ ni mo máa ń wò títí yóò fi sú wọn. Ìyá àgbà máa ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ pé, “Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.”

Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ a máa ráyè wo nǹkan. Nígbà tí omi ń kún, gbogbo ohun tó lè sá ló gun orí òkè. Ní erékùṣù kékeré, bí o bá gbé ẹsẹ̀, alángbá á sá; bí o bá fọwọ́ kan ẹ̀ka, agẹmọ wà níbẹ̀ tó ń rọra yí ojú. Àwọn alángbá mìíràn tún wà lábẹ́ ewé gbígbẹ, tí ara wọn ń dán bí èyí tí wọ́n fi òróró pa. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wó igi, nítorí kò sí igbó mọ́ tó lè gba ìjì fún wọn. Oòrùn wọlé. Ewé ilẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn tó ń dán ló kọ́kọ́ tán, agẹmọ tẹ̀lé wọn. Èyí tó kú, kò sí òmíràn tó lè la omi kọjá wá rọ́pò rẹ̀. Alángbá olórí pupa nìkan ló kù, ó dúró lórí kùkùté, ó ń mi orí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀. Erékùṣù kejì náà ti ń lọ bẹ́ẹ̀. Ńlá nìkan ni gbogbo wọn ṣì wà.

Ní ọjọ́ kan, àbúrò bàbá mi, tó ń bá ọkùnrin ẹlẹ́ja ṣọ́ omi, wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ní ọ̀gá òun fẹ́ kọ́ ilé ìgbafẹ́ sórí erékùṣù ńlá, àwọn agégi ń bọ̀.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, mo kó bàtà gbígbó, ìkarahun ìgbín, ìdí ìgbálẹ̀ àti àkísà pupa sínú ọkọ̀. Mo so wọ́n mọ́ àwọn igi, láti èbúté wọ inú. Mo pààlè. Lọ́dọ̀ wa, o lè kó igi ìdáná sí etí títì, kí o pààlè sí i, kí o lọ sí Ìkòròdú. Wàá bá a bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní nǹkan kì í pààlè sí i. Ẹni tó so ó ló sì ń tú u.

Ewé ni mò ń já nígbà tí àbúrò bàbá mi àti àwọn agégi tukọ̀ dé. Èyí tó gbé ẹ̀rọ agégi lé èjìká rí bàtà gbígbó yẹn ní èbúté, kò sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́.

“Bàbá, ta ló so èyí?”

Àbúrò bàbá mi wò yíká, ó rí mi. “Ìwọ ọmọ Ìyá Eléwé! Kí lo ní níbí tí o fi ń pààlè?”

“Ewé ni, sà.”

Ǹ bá dúró síbẹ̀. Ewé ti tó, gbogbo abúlé ló mọ̀ pé tiwa ni. Ṣùgbọ́n mi ò dúró. Mo ní, “Àti àwọn alángbá.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọkọ̀ wọn ń mì.

“Ààlè alángbá! Ṣé wọ́n fẹ́ jogún ni?”

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alángbá! Àwọn ọmọ ń kọ́?”

“Wọ́n wà, sà,” ni mo wí.

Àbúrò bàbá mi kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Mùsùlùmí ni wá. Ààlè kì í ṣe nǹkan kan. Tú u.”

“Bí kì í bá ṣe nǹkan kan, sà, ẹ tú u.”

Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbàlagbà rí. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dé ìdajì ọ̀nà, ó fi tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó yíjú sí àwọn agégi, “Ẹ̀yin ńkọ́?” Ẹni tó gbé ẹ̀rọ sọ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. “Èmi? Bàbá, mo ní ìyàwó àti ọmọ nílé o.” Wọ́n tukọ̀ lọ.

Wọ́n bẹ ìyá mi pé kó bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà pè mí, wọ́n ní mo ń dínà ìlọsíwájú. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo ní mi ò ní tú u. Wọ́n bi mí títí, ohun kan náà ni mò ń sọ. Ní Itamaga, àwọn oníbàárà ti gbọ́, Ìyá Alángbá ni wọ́n ń pè mí báyìí. Mo ń jẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ẹlẹ́ja ṣì ń rán ènìyàn wá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òjò tó kọjá, àbúrò bàbá mi tu ọkọ̀ kọjá níbi tí mo ti ń di ewé. Kò kí mi. Nígbà tó ti kọjá díẹ̀ ló sọ ọ́, láì wẹ̀yìn:

“Ìyá Alángbá, okùn ààlè rẹ ti ń jẹrà o. Èyí tó wà ní èbúté máa tó já.”

Ì bá dákẹ́, kó jẹ́ kó já. Mo bọ́ ọ̀kan nínú bàtà ẹsẹ̀ mi, mo lọ fi okùn tuntun so ó mọ́ igi èbúté.