Ìmáànì Mi Ò Sí Nínú Páàdì

Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú bá mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ní, "Àgbàlagbà bíi tìẹ! Géèmù, káátúùnù àwọn ará Japan! Páàdì tí o fi ń ta géèmù yẹn máa gba ìmáànì lọ́wọ́ ẹ."

Mo ní, "Ẹ máà bínú, Àáfà. Ìmáànì mi ò sí nínú páàdì."

Wọ́n mi orí, wọ́n lọ.

Ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹni tó bá borí ló ń jókòó, ẹni tó bá dìde ti pàdánù. Góòlù méjì ni mo fi ṣíwájú nígbà tí ladánì pe ìrun Alásárì. Mo gbé páàdì sílẹ̀.

Ẹni tí mò ń nà pariwo: "Ó ti sá! Ẹ wò ó, ó ti sá jàre!"

Mo ní, "Máa gbádùn ìjókòó ọ̀fẹ́."

Ní mọ́sáláṣí, ẹ̀gbẹ́ Àáfà ni mo bọ́ sí. Nígbà tí a kírun tán, wọ́n wò mí títí. "Ta ló ń borí?"

"Èmi ni, kí ladánì tó pè."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Alhamdulilahi. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tò sẹ́yìn gbogbo àwọn tó ń dúró de páàdì, mo ń jẹ kúlíkúlí mi dípò pọ́fùpọ́fù, torí pé òróró pọ́fùpọ́fù a máa ba páàdì jẹ́. Mi ò ní fi ìkankan sílẹ̀, ìrun tàbí géèmù.